Ohun Tó Wà Lábẹ́ Fàdákà

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Ìgandó ló ní kí n kọ ọ́. Wọ́n ń lọ bá àwa àgbàlagbà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí kálukú sọ irú iṣẹ́ tó ṣe jẹun, kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde níwèé lè mọ èyí tí wọ́n máa dì mú. Nọ́ọ̀sì ti kọ tirẹ̀. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe akọ̀wé kóòtù ti kọ tirẹ̀. Ó wá kàn mí. Ọmọbìnrin tó ń kó ìwé jọ wò mí lójú, ó ní, "Mama, ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé tíṣà lẹ̀yin náà ni, àbí ẹ tajà?"

Mo ní, "Rárá o. Mo máa ń sọ fàdákà tó ti gbó di tuntun."

Ó ní, "Ẹn-ẹ́n? Ṣé iṣẹ́ nìyẹn?"

Iṣẹ́ ni o. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ṣe é, nínú ilé ara mi, lẹ́yìn kíṣìnì mi. Òun ni mo fi ran ọkọ mi lọ́wọ́ tí a fi tọ́ ọmọ mẹ́rin. Mi ò bínú sí ọmọ náà ṣá, torí èmi gan-an, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Idán ni mo rò pé wọ́n ń pa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ ò bá a láyé. Nígbà tí àwọn ìyá yín àgbà ń ṣègbéyàwó, ẹ̀bùn tó níyì ni ohun èlò tíì: ìkòkò tíì, abọ́ ṣúgà, tíréè, ṣíbí kéékèèké mẹ́fà nínú páálí. Gbogbo rẹ̀ á máa kọ mọ̀nà. Ẹ máa rò pé fàdákà ni látòkè délẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbà ni, tàbí idẹ, tí wọ́n fi fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò lórí. Bí wọ́n bá ti ń fọ̀ ọ́, tí wọ́n ń nù ún, tọ́dún ń gorí ọdún, fàdákà orí á máa ṣí, pupa bàbà á wá yọjú bí orúnkún tó yọ nínú ṣòkòtò tó ya. Iṣẹ́ tèmi ni kí n wẹ dúdú rẹ̀ kúrò, kí n tọ́ ibi tó ti wó, kí n sì fi fàdákà mìíràn bo ibi tó ti ṣí.

Èkìtì ni mo ti wá. Tíṣà lọkọ mi. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, yàrá kan la gbà ní Dopemu, Bọ́lá àkọ́bí mi sì ti ń rá nílẹ̀ nígbà náà. Bàbá Látúndé là ń pe bàbá onílé wa. Wọ́n ga, wọ́n tín-ín-rín, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ìgbà èwe wọn, inú ọkọ̀ òkun ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, àwọn ni wọ́n ń tọ́jú ṣíbí àti abọ́ fàdákà tí àwọn òyìnbó fi ń jẹun. Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé tí Bàbá kì í ṣí sílẹ̀. Àwọn èèyàn á gbé nǹkan tó dúdú bí ìdí ìkòkò wọlé síbẹ̀, tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n á gbé nǹkan jáde tí mo lè wo ojú mi nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n gbádùn. Mò ń fọ aṣọ, yàrá yẹn ni mò ń rò. Mò ń lọ ata, yàrá yẹn náà ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bọ́lá ti sùn, mo lọ fi ojú sí ihò ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Mo rí abọ́ gíláàsì kan lórí tábìlì, omi wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi wáyà so ṣíbí kan rọ̀ sínú omi náà. Ní òdìkejì, wọ́n so ṣílè àtijọ́ kan rọ̀, irú owó fàdákà tí àwọn baba wa ná. Bátìrì mọ́tò wà lábẹ́ tábìlì. Mò ń wò ó títí ẹsẹ̀ mi fi kú.

Mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi: "Ìyá Bọ́lá, kí lò ń wá?"

Bàbá ni. Mo wá irọ́ tí mo lè pa, mi ò rí i. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Mo fẹ́ mọ ibi tí ṣílè yẹn ń lọ ni."

"Ibi tí ṣílè ń lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Lánàá, ó nípọn. Lónìí, ó ti fẹ́lẹ́, ṣíbí yẹn sì ti funfun sí i. Ta ló ń jẹ ẹ́?"

Ìgbà tí mo sọ ọ́ tán ni mo mọ̀ pé mo ti fẹnu ara mi jẹ́wọ́ pé mo yọjú lánàá náà. Bàbá ki ọwọ́ bọ àpò. Wọ́n ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí nínú ilé yìí. Èló ni, èló ni, ni gbogbo èèyàn ń bi mí. Kò sẹ́ni tó tíì bi mí pé ibo ni ṣílè ń lọ." Wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́. "Wọlé. Má fọwọ́ kan nǹkan kan."

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣàlàyé fún mi pé agbára bátìrì ló ń ṣí fàdákà kúrò lára ṣílè nínú omi, tó sì ń tẹ́ ẹ sára ṣíbí díẹ̀díẹ̀. Bí ṣílè ti ń rù, bẹ́ẹ̀ ni ṣíbí ń sanra. Bí iná bá pọ̀ jù, fàdákà náà á jóná, á dà bí eérú. Bó bá kéré jù, kò ní í mú. Wọ́n wá na ìka sí omi náà. "Májèlé ni. Bí o bá gbàgbé tí o fi ọwọ́ yẹn jẹun, Bọ́lá ò ní ìyá mọ́ nìyẹn. Ìdí tí mo fi ń ti ilẹ̀kùn nù un."

Ọkọ mi gbà pé kí n kọ́ ọ. Ó san ohun tí wọ́n ní kí ó san, ọ̀rọ̀ owó tán. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ṣẹ́, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, Bàbá ò jẹ́ kí n fi aṣọ nu ohunkóhun. Kí n wò ó. Kí n gbé e lọ́wọ́ kí n mọ bó ṣe wúwo tó. Kí n fi èékánná ta á kí n gbọ́ bó ṣe dún. Wọ́n á gbé ṣíbí kan fún mi, wọ́n á ní, "Kí ló wà lábẹ́ rẹ̀?"

"Idẹ ni, sà."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ó jọ idẹ lójú mi, sà."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ohun tó jọ. Lọ wo etí rẹ̀, ibi tí eyín ti ń họ ọ́. Lọ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ibi tó fi ń jókòó lórí tábìlì. Ibẹ̀ ló ti máa ń sọ òótọ́."

Màá tún padà lọ jókòó. Díẹ̀díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Bàbà máa ń pupa ní etí. Idẹ máa ń pọ́n bí epo tó dì. Òmíràn wà tó funfun ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹ̀kọ àná. Àwọn àgbà ní bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Lóòótọ́ ni, mo ti rí ìfun ṣíbí.

Ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Bàbá jáde, ṣíbí dúdú kan wà nílẹ̀, mo rò pé kí n fi iṣẹ́ yá wọn lórí. Mo mú kànìnkànìn onírin tí mo fi ń fọ ìkòkò, mo ha ṣíbí náà, ó funfun kíá. Bàbá dé, wọ́n gbé e sójú. Wọ́n wọ kíṣìnì lọ, wọ́n mú àlùbọ́sà kan wá, wọ́n bó awọ gbígbẹ tó wà lórí rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Wọ́n ní, "Ha á."

Mo ha á. Ó fàya.

"Fàdákà orí ṣíbí yẹn ò nípọn tó awọ àlùbọ́sà. Gbogbo ìgbà tí o bá ń ha á, ò ń jẹ ẹ́ ni. Ẹni tó ni ín gbé e wá kí a bá a tọ́jú ẹ̀, kò ní kí a bá a jẹ ẹ́."

Wọ́n dá mi padà sí ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún oṣù kan gbáko. Mo sunkún, wọn ò bẹ̀ mí. Ìgbà tí wọ́n wá jẹ́ kí n fọwọ́ kan iṣẹ́, wọ́n fún mi ní òfin kan ṣoṣo: kí n tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, kí n jókòó ti ẹni tó ni ín, kí n bi í pé ta ló fún un, ibo ló ń gbé e sí, kí ni kò fẹ́ kí n mú kúrò lára rẹ̀. Wọ́n ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Mo ní mo gbọ́.

Nígbà tí a kó lọ sí ilé wa ní Ìgandó, oko gbágùúdá ṣì wà láàárín ilé sí ilé. Bàbá fún mi ní abọ́ gíláàsì kan àti ṣílè mẹ́ta, wọ́n ní kí n máa lọ. Mo kọ́ yàrá kékeré sẹ́yìn kíṣìnì, mo ṣe fèrèsé ńlá sí i, mo fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn. Àwọn oníbàárà mi ń wá láti Ìkòtún, láti Ẹ̀gbẹ́dá, láti Ìdímù. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló pọ̀ jù, àti àwọn ìjọ tó ní ife oúnjẹ alẹ́ Olúwa, àti àwọn opó.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú iṣẹ́ náà ni pé kò sí èyí tó jọra. Obìnrin kan ní Ẹ̀gbẹ́dá máa ń kó ṣíbí wá lóṣooṣù. Bí mo bá wẹ̀ wọ́n mọ́ lónìí, kí oṣù tó parí, wọ́n á ti dúdú padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé, pé ó ń fi nǹkan sí i. Ọkàn mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹyin sísè máa ń sọ fàdákà di dúdú, àlùbọ́sà náà, èéfín jẹnẹrétọ̀ náà, ṣùgbọ́n àwọn ṣíbí rẹ̀ ò sún mọ́ ìkankan nínú ìyẹn. Mo ní kí ó jẹ́ kí n wá wo ibi tó ń kó wọn sí. Ó fa dúrọ́ọ̀ jáde. Ó ti fi rọ́bà so àwọn ṣíbí náà ní mẹ́fà mẹ́fà. Mo tú wọn wò: ibi tí rọ́bà ti kàn wọ́n ló dúdú jù. Mo ní, "Ẹ bọ́ rọ́bà, ẹ fi aṣọ funfun wé wọn." Wọn ò dúdú mọ́. Ó lọ bẹ ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Mi ò mọ̀ nígbà náà ohun tó wà nínú rọ́bà. Mo ṣá rí i pé òun ni.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ dé. Mọ́tò oníná ni, wọ́n fi aṣọ ribiti sí i lórí, á máa yí bírí bírí. Bí o bá gbé tíréè sún mọ́ ọn, iṣẹ́ ọjọ́ méjì á di iṣẹ́ wákàtí kan. Mo rà á. Mo lọ sọ fún Bàbá ní Dopemu, inú mi ń dùn. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì lásìkò yẹn, wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́.

Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ ò lójú, Ìyá Bọ́lá."

Mo ní, "Èmi lójú, sà."

Oṣù Kejìlá ọdún kan ni ọ̀rọ̀ náà wá yé mi. Iṣẹ́ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò ráyè jókòó. Màmá kan wà ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, ará Èkìtì bíi tèmi, opó tíṣà àgbà kan. Màmá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Wọ́n gbé tíréè kan wá, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ta ọkọ wọn lọ́rẹ nígbà tó ń kúrò ní ilé ìwé kan. Àwọn ọmọ wọn ń bọ̀ wálé fún Kérésì, wọ́n fẹ́ kí ó dán. Wọ́n fẹ́ jókòó. Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, mà. Ẹ padà wá ní Sátidé." Mi ò bi wọ́n ní ìbéèrè kan.

Mo fi fàdákà bo ojú tíréè náà, ó jáde dáadáa. Mo wá yí i padà. Ìdí rẹ̀ ti ṣí dé ara bàbà, ìlà sì kún ibẹ̀ bí ibi tí adìẹ ti ń tan ilẹ̀. Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú díẹ̀, mi ò wo ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kí n ṣe Màmá lóore, kí n bá wọn dán ìdí rẹ̀ náà. Mo gbé e sún mọ́ ẹ̀rọ. Kò tó àkókò téèyàn fi ń jẹ àwo ìrẹsì kan, ìdí tíréè ti ń dán bíi dígí.

Ní Sátidé, Màmá Tíṣà gba tíréè náà, wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Káì, ọwọ́ rẹ mà dára o." Wọ́n wá yí i padà. Ẹ̀rín náà kú lójú wọn. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa ìdí tíréè náà, bí ẹni ń wá nǹkan nínú òkùnkùn. Wọ́n gbé ojú sókè.

"Ìyá Bọ́lá, níbo lo kó àwọn ọmọ mi lọ?"

Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń wí. Wọ́n jókòó sórí àpótí mi, wọ́n sì sọ ọ́ fún mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìbínú, ìyẹn gan-an ló pa mí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá bímọ, ọkọ wọn á fi ẹnu ìṣó fín orúkọ ọmọ náà sí ìdí tíréè yẹn, ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ọmọ mẹ́fà. Yẹmí, Fọlá, Ìrètí, Dúpẹ́, Bísí, Káyọ̀dé. Márùn-ún ń bọ̀ wálé fún Kérésì. Ìrètí ò sí lára wọn. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, ó lọ ní ọjọ́ kẹsàn-án. Kò ní fọ́tò, kò ní aṣọ, kò ní ìwé kankan.

"Ibẹ̀ nìkan ni mo ti máa ń rí i," ni wọ́n wí.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní mo lè gbé e fún afínrin kan kí ó tún orúkọ náà fín. Wọ́n mi orí. "Kì í ṣe ọwọ́ ọkọ mi." Wọ́n fi tíréè náà sílẹ̀ fún mi, wọ́n sì lọ láìwẹ̀yìn.

Mi ò lè jẹun. Lọ́jọ́ kejì mo gbé tíréè náà, mo lọ bá Bàbá Látúndé ní Dopemu. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ń retí kí wọ́n bú mi.

Wọ́n ní, "Ṣé o bi í léèrè?"

"Mi ò bi wọ́n, sà."

"Ó dáa. O ti mọ ibi tó ti bàjẹ́." Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gba tíréè, wọ́n ń fi ìka wo ìdí rẹ̀, torí ojú wọn kò gbé e mọ́. "Ìṣó ni ó fi fín in, àbí? Ó tẹ̀ ẹ́ wọlé, kò wulẹ̀ ya á?"

"Ìṣó ni, sà."

"Bí o bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀, tí o wá fi ọwọ́ gbá òkè ẹrẹ̀ náà kúrò, ṣé ìsàlẹ̀ ò tíì sún pọ̀? Bàbà náà rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ìṣó tẹ̀, inú rẹ̀ á le ju ibi tó kù lọ. Nínú ọkọ̀ òkun, mo rí i tí òyìnbó kan fi omi tó ń jẹ irin pa ara ìbọn tí wọ́n ti ha nọ́ńbà rẹ̀ kúrò. Nọ́ńbà náà jáde. Mi ò mọ omi tó lò. Mi ò mọ̀ bóyá bàbà á gbà. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o fẹ́ mọ ibi tí ṣílè ń lọ, lọ wádìí ẹ̀."

Mo kúrò níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀. Mo lọ sí Ìkòtún, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe, torí mo ti rí i lọ́dọ̀ rẹ̀ rí pé ó ní omi kan tó pupa bíi tíì tó ki, tí ó fi ń jẹ bàbà kúrò lára pátákó rédíò. Mo rà díẹ̀. Mi ò jẹ́ fi kan tíréè Màmá. Mo wá àwo bàbà àtijọ́ kan, mo fi ìṣó fín orúkọ ara mi sí i, mo fi ẹ̀rọ pa á rẹ́, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò. Ìgbà àkọ́kọ́, omi náà ki jù, ó jẹ gbogbo rẹ̀ di dúdú. Mo bomi là á. Ìgbà kejì, kò ṣe nǹkan kan. Ìgbà kẹta, mo ń fi òwú tó rin díẹ̀ pa á jẹ́jẹ́, ọ̀nà kan náà, mo ń ka iye ìgbà sókè. Mo gbé e sí abẹ́ oòrùn, mo dà á ní ẹ̀gbẹ́. Mo rí orúkọ mi. Ó ń jáde bí ìlà iṣan lọ́wọ́ arúgbó. Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ mi fi sáré wọlé, ó rò pé májèlé ni.

Mo lọ bá Màmá Tíṣà ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Mo ní, "Mà, mi ò ṣèlérí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a lè ṣe é, torí omi náà ń jẹ ẹ́ lọ ni. Bí kò bá jáde, ó tán nìyẹn. Bó bá jáde, ó lè má pẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ wà níbẹ̀."

Wọ́n wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, oòrùn ti mú. A jókòó sí ẹ̀yìn kíṣìnì. Mo fún wọn ní bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti pẹ́ńsùlù. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú pa ìdí tíréè náà. Kò sí nǹkan kan. Mo ń pa á. Kò sí nǹkan kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Màmá ní, "Fara balẹ̀." Mo tún pa á. Mo dà á sí oòrùn.

"Y," ni Màmá wí.

Yẹmí jáde. Fọlá jáde lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá. Bísí yọ díẹ̀. Dúpẹ́ ò yọ rárá. Lára Káyọ̀dé, lẹ́tà méjì ìkẹyìn la rí. Mo wá sún sí àárín, ibi tí ẹnikẹ́ta wà. Mo pa á, mo dúró. I yọ. R yọ. E yọ. Mo pa ibi tó kù lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, kò sí nǹkan kan mọ́, pupa bàbà lásán ni. Mo gbé òwú sílẹ̀. Mo ní, "Mà, ẹ má bínú. Ibi tó mọ nìyẹn."

Màmá Tíṣà gbé bébà lé e, wọ́n fi pẹ́ńsùlù tọ lẹ́tà mẹ́ta náà bí ọkọ wọn ṣe kọ wọ́n, R yẹn wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ẹsẹ̀ R náà. Wọ́n ka ohun tó wà níbẹ̀ sókè: "Ire." Wọ́n tún kà á. "Ire náà ni. Kò burú." Wọ́n wá ní kí n fún wọn ní ìṣó. Mo wẹ ìdí tíréè náà, mo nù ún gbẹ, mo mú ìṣó wá. Wọ́n gbé tíréè sórí itan, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn fín T àti I sí ẹ̀gbẹ́ ti ọkọ wọn. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn, wọn ò sì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún náà, bí àwọn ọmọ wọn bá wá fún Kérésì, wọ́n máa ń fi jọ̀lọ́ọ̀fù ránṣẹ́ sí mi.

Mi ò ta ẹ̀rọ yẹn. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbé àga méjì sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, mo sì sọ ọ́ di òfin pé ẹni tí kò bá jókòó, mi ò ní í gba iṣẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè tí Bàbá kọ́ mi, mo ń bi wọ́n tán pátá. Ẹ ò ní gbà gbọ́ ohun tí mo gbọ́ lórí àga yẹn. Ọkùnrin kan gbé ife ọmọdé wá tí etí rẹ̀ kún fún kòtò kéékèèké. Kí n tó bi í, mo ti mú òòlù onírọ́bà láti fi tọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Eyín mi àkọ́kọ́ ló jẹ ibẹ̀." Ó ti ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ.

Bàbá Látúndé kú ní ọjọ́ ogbó. Kí wọ́n tó lọ, mo fi àwo bàbà tí mo fín orúkọ mi sí hàn wọ́n, wọ́n fi ìka wò ó. Wọ́n ní kí n sọ fún wọn bí mo ṣe la omi náà, ìwọ̀n mélòó sí mélòó. Èmi ni mo wá ń kọ́ wọn lọ́jọ́ yẹn.

Irinṣẹ́ ń yí padà. Bátìrì mọ́tò lọ, àpótí kékeré dé tí èèyàn lè yí iná rẹ̀ sókè sílẹ̀ bó ṣe fẹ́. Iná ìjọba á lọ, sólà á gbà á. Nígbà tí fóònù oníkámẹ́rà dé, mo sọ fún ọkọ mi pé ká ní mo ti ní èyí ní ọdún Màmá Tíṣà! Gbogbo ohun tó bá wọlé, mo máa ń ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ kí n tó wọ ìbọ̀wọ́. Orí fóònù yẹn náà ni mo ti kà á, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, pé imí ọjọ́ tó wà nínú rọ́bà ló ń sọ fàdákà di dúdú, òun náà ló sì wà nínú ẹyin. Mo jókòó, mo ń rẹ́rìn-ín nìkan. Àwọn oníbàárà pẹ̀lú yí padà: àwọn ẹgbẹ́ yín tó ń ra ohun àtijọ́ láti fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, wọn ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín, wọ́n sì fẹ́ mọ̀.

Nígbà tí oríkèé ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, mo ti yàrá náà pa. Mo kó omi májèlé fún àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nù. Mo rò pé ó ti parí.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tọ́lá gbé ìkòkò tíì kan wá láti Ẹ̀gbẹ́dá. Mo ní, "Ọmọ mi, mo ti fẹ̀yìn tì."

Ó ní, "Mo mọ̀, mà. Mi ò ní kí ẹ tún un ṣe. Mo kàn fẹ́ kí ẹ bá mi wò ó ni. Ìyá mi àgbà ló ni ín, ní Oǹdó. Wọ́n ní kí n máa lò ó."

A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo wo etí rẹ̀, mo wo ìdí rẹ̀, mo ta á ní èékánná. Bàbà ni lábẹ́. Nínú ìdérí rẹ̀, a rí àmì kan tó kéré, tí ẹnì kan fi nǹkan mímú yà: ẹja. Ara rẹ̀ gùn, ìrù rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ hàn kedere. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Tọ́lá ní bóyá àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni. Mo ní rárá, ọwọ́ èèyàn ni. Ó ní bóyá nítorí pé onígbàgbọ́ ni wọ́n. Mo ní bóyá ìdílé wọn ti gbé etí òkun rí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọ̀rọ̀ ẹja yìí fi wà láàárín wa, ó ń fi fọ́tò ránṣẹ́, mo ń fi àbá ránṣẹ́. Èmi tí mo ti fi ogójì ọdún wo ìdí abọ́, mi ò mọ̀ ọ́n. Mo sì ń jí láràárọ̀ pẹ̀lú ayọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó yá, mo ní, "Tọ́lá, àwa náà ṣe gọ̀ báyìí? Ṣé ìyá àgbà rẹ ò sí láyé ni?"

Ó pè wọ́n níwájú mi, ó gbé ohùn wọn síta. Ó ní, "Mama, ẹja tó wà nínú ìdérí ìkòkò tíì yẹn, kí ló túmọ̀ sí?"

"Ẹja bíi ti báwo?" Ohùn arúgbó náà le dáadáa. "Ewé ni o jàre! Ewé kòkó. Owó kòkó bàbá ńlá rẹ la fi rà á. Bí wọ́n bá yá nǹkan ẹni lọ sí òde, tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ nílẹ̀, báwo ni màá ṣe mọ tèmi? Èmi ni mo yà á. Ta ló ní ẹja ni?"

Tọ́lá wò mí. Mo gbé ìdérí náà, mo yí i sí òdìkejì, ìrù di igi ewé, egungun di iṣan ewé. Ewé kòkó ni lóòótọ́. Mo na ọwọ́, mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi yà á?"